Ìró Tí Mo Fi Bo Òyìnbó ní Lómè

Ilé Bàbá Rẹ,
Ìṣẹ̀rí-Olófin.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1989.

Gbóyèga, àkọ́bí mi,

Mo ti lọ́kọ. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ kí n tó kí ọ, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, màá kí ìyàwó rẹ, màá kí àwọn ọmọ, màá béèrè ikọ́ tó ń ṣe àbíkẹ́yìn yín, ìwé á kún, n ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí mo ṣe ń gbé e mì láti ìgbà òjò. Ó ti jáde báyìí. Kọ́lápọ̀ Ọláoyè ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe tó fi fẹ̀yìn tì, Àgbàdo ló sì ń gbé kí ó tó gbé mi níyàwó. Ó dáa. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Adébùnmí ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ báǹkì ńkọ́? Ọlọ́run tó mú yín wọ ọdún tuntun yìí yóò mú yín lò ó dé òpin, Sùúrùlérè kò ní le mọ́ yín lára, owó olówó tí ò ń kà lójoojúmọ́ kò ní ṣì ọ́ lọ́wọ́. Àmín.

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Inú omi gbígbóná oníyọ̀ ni mo ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, pátákó tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ ni mo gbé sórí itan fi ṣe tábìlì. Ìbàdí ń ro mí, orúnkún ń ro mí, ọrùn mi lápá ọ̀tún kò ṣeé yí. Ara ni ó rẹ̀ ṣá o. Ọkàn mi kò rẹ̀ rárá, ṣe ni ó ń fò sókè bíi ti ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò àṣejáde wa mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mo rí orúkọ mi níbẹ̀, tí mo sì sáré dé ilé láì rántí mú bàtà mi.

Ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Àgbádárìgì tí mo sọ fún yín pé mo ń lọ lẹ́yìn Kérésì, kò sí ìpàdé kankan. A gba Àgbádárìgì kọjá lóòótọ́, mo tilẹ̀ yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀ kí n lè sọ pé mo rí i. Orílẹ̀-èdè Tógò ni a lọ, èmi àti ọkọ mi. Họlidé ni a lọ ṣe.

Ó dá mi lójú pé o ó béèrè ìdí tí mo fi fi pa mọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìrántí ọdún kẹta bàbá rẹ, tí gbogbo ẹbí jókòó ní pálọ̀, ẹnì kan mẹ́nu ba ìyá kan ní Akówọnjọ tí ó lọ́kọ mìíràn lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. O ní irú àgbàlagbà wo ló ń wá ọkọ, ṣé kò ní dígí nílé ni. Lẹ́yìn náà lo ní kí n palẹ̀ mọ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, kí a fi ilé yìí háyà. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì dìde bí ẹni pé ọbẹ̀ ń jóná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Àwo tó ti mọ́ ni mo lọ ń fọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ ra gàrí ní Àgbàdo fún ìsọ̀ mi. Ọkùnrin kan máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, aṣọ rẹ̀ á mọ́, bàtà rẹ̀ á dán, kò sì ní lọ síbì kankan. Mo ní bàbá, ọkọ̀ yín mà pẹ́ lónìí. Ó ní òun ò dúró de ọkọ̀, pé gáàdì ni òun nínú rélùwéè fún ọdún gbọọrọ, bí òun kò bá gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lójúmọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun òun. Mo ní ẹ̀yin náà ti ń dá gbé nìyẹn. Ó ní ẹ̀yin náà ńkọ́. Ó bá mi gbé àpò gàrí dé ìdí mọ́tò, kò sì sí ọjọ́ tí mo dé Àgbàdo lẹ́yìn náà tí kì í ṣe òun ló gbé e. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ṣáájú Kérésì ni wọ́n so wá pọ̀ ní kóòtù ní Ìkejà, olùkọ́ ìjọ wa àti ìyàwó rẹ̀ ló dúró tì wá. Inú mi dùn débi pé akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wa ní màmá, ẹ rọra mí ná. Bí o bá ń rí i tí mò ń pè é ní “ó” nínú ìwé yìí, kì í ṣe àìmọ̀wàáhù. Òun ló ní bí mo bá ń fi “wọ́n” pe òun, ó ń jẹ́ kí egungun máa dun òun.

Ní ti Tógò, òun ló mú un wá. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, ẹrù àwọn tó ń lọ họlidé ni òun ń kó sókè kó sílẹ̀, òun kò jókòó bí èrò rí. Ó ka ìwé ìròyìn kan pé àwọn òyìnbó máa ń ti ìlú wọn wá sí Lómè láti wá sinmi. Èmi náà rò ó, mo ní òyìnbó tó ní ilé oníná, tó ní ẹ̀rọ tó ń fọṣọ fún un, tí ìsinmi ilé rẹ̀ kò bá tó o títí tó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀, á jẹ́ pé ìsinmi ibẹ̀ lágbára nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa kò ní owó òyìnbó. Torí náà a gbé gàrí, a gbé ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà, a gbé sítóòfù, a sì gbé iṣu fún onílé tí a ó dé sí, torí èèyàn kì í wọ ilé ẹlòmíràn lọ́wọ́ òfìfo.

Ní bodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n fún wa ní ìwé kan kí a kọ nǹkan sí i. Wọ́n béèrè ibi tí a ó dé sí, mo kọ “Lábẹ́ ààbò Olúwa.” Wọ́n béèrè ìdí tí a fi ń rìnrìn àjò, mo kọ “Ó ti rẹ̀ wá.” Ọ̀gá wọn kà á, ó wò wá lókè, ó wò wá nílẹ̀, ó ní kí a máa lọ. Mọ́tò tí a wọ̀ láti ibẹ̀ kún débi pé ẹsẹ̀ ìyá kan wà lórí ẹsẹ̀ mi dé Kútọnu, a sọ̀, a wọ òmíràn, adìẹ ẹnì kan wà lábẹ́ àga mi ó ń sọ mí lẹ́sẹ̀ jẹ. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní òun ti di èrò.

Nígbà tí a dé Lómè, hòtẹ́ẹ̀lì tó rọjú jù lọ, tó wà lẹ́yìn ọjà, ni a gbà. Ọmọ tó wà níbi tábìlì na kọ́kọ́rọ́ sí wa. Mo ní onílé dà, mi ò lè sùn sínú ilé ẹni tí mi ò kí. Kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, mo bá gbé iṣu lé tábìlì, mo jókòó ti ẹrù mi. Nígbà tó ṣe, obìnrin kan jáde, ojúgbà mi ni, Lucy ni wọ́n ń pè é, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ànàgó, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa bí ó tilẹ̀ ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ilé, mo fún un ní iṣu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ṣí hòtẹ́ẹ̀lì, eruku nìkan ni àlejò ń gbé wá fún òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbá yàrá wa, mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbá a dé ojú títì. Ọmọbìnrin tó ń gba ilẹ̀ níbẹ̀ dé, ó bú sẹ́kún, ó rò pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Lucy ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀yin aya Ọláoyè, ẹ sinmi ọwọ́ yín, ẹni tó sanwó kì í gbálẹ̀. Mo ní irú àlejò wo nìyẹn, tó ń jókòó kalẹ̀ bí aláìsàn. Nígbà tí mo tan sítóòfù sínú yàrá, tí èéfín gba gbogbo òkè, ó ní ó tó, kí n kó ìkòkò mi wá sí ẹ̀yìnkùlé òun kí a jọ máa dáná. Bí oúnjẹ ṣe bọ́ lọ́rùn wa nìyẹn.

Ọjọ́ tí a lọ wo òkun ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

Ẹsẹ̀ ni a fi rìn, kí owó ọkọ̀ lè kù sápò. Nígbà tí a fi débẹ̀, ojú mi ti ń ṣú. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn òyìnbó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ lórí iyanrìn, ojú wọn pa dé, oòrùn ń pa wọ́n, ara wọn pọ́n bí edé. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ló dànù, òkú ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ yẹn. Ó ní kì í ṣe òkú, ìwé ìròyìn ti sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sinmi nìyẹn. Mo ní èyí kì í ṣe ìsinmi. Ìyá àgbàlagbà kan wà lápá kan tó dá dùbúlẹ̀, ó jù mí lọ dáadáa, egungun rẹ̀ ni mò ń kà, aṣọ ara rẹ̀ kò tó ańkáṣíìfù. Mo wò yíká, mi ò rí ọmọ, mi ò rí ọmọ ọmọ. Mo ní àwọn ọmọ wo ló fi ìyá wọn sínú oòrùn báyìí. Gbóyèga, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú ìró òkè lára mi, mo fi bò ó láti ọrùn dé àtàǹpàkò, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọ nígbà tí ibà bá ń ṣe ọ́.

O mọ ìró náà. Àdìrẹ tí o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rà fún mi ni.

Ìyá náà lajú. Ó wò mí, ó wo aṣọ náà, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó ki ọwọ́ sí báàgì, ó fa owó Tógò yọ, ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí. Mo ní mà, mi ò tà á, mo kàn fi bò yín ni. Ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ìró mi mọ́ ọrùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó di inú bọ́ọ̀sì kan, ó di fìrì. A sá tẹ̀ lé e. Ọmọ mi, iyanrìn kì í ṣe ohun tí ẹni ọjọ́ orí wa ń sáré lórí rẹ̀. Ọkọ mi gbé bàtà mi lọ́wọ́ kan, ó gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ kejì, títí a kò fi rí èéfín bọ́ọ̀sì náà mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ó ní Ìbíyẹmí, jọ̀ọ́, ìró ni, n ó ra òmíràn fún ọ. Mo ní kì í ṣe ìró, owó àkọ́kọ́ ọmọ mi ni. Kò tún sọ pé òun ó rà á mọ́. Ó jókòó tì mí nínú iyanrìn náà, ó ní kí n sọ fún òun nípa ọmọ náà. Mo sọ fún un bí o ṣe máa ń sùn mọ́ ìwé, mo sọ bí o ṣe gbé pósí bàbá rẹ tí o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà ọ́, títí omi òkun fi ń tọ́ wa lẹ́sẹ̀ wò. Kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò ṣi ọkọ fẹ́.

Lálẹ́, tí a ń bó iṣu, mo rò ó fún Lucy. Ó ní ọmọ yìí tí ẹ ń sunkún aṣọ rẹ̀, kí ló sọ sí ìgbéyàwó yín? Mo ní kò tíì mọ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní àwọn yòókù ńkọ́? Mo ní wọn ò mọ̀. Ó ní háà, ẹ ò wá ṣe họlidé nìyẹn jàre, ẹ sá wá ni. Ó ní owó òyìnbó yẹn, owó ọmọ yín ni, ẹ fi pè é lórí fóònù lọ́la.

Mo lọ sí pósófíìsì wọn, mo fi nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ han akọ̀wé, ó ní kí n wọ inú àpótí onídígí kan. Obìnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù minimini, Faransé ló ń sọ. Orí mi wú, mo ní báǹkì ọmọ mi ti tóbi tó báyìí. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo ní kí ó má pè ọ́, kí ó kàn bá mi jẹ́ iṣẹ́, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, Àgbádárìgì ni n ó tún sọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, bẹ́ǹṣì Àgbàdo, kóòtù Ìkejà, ìró. Nígbàkígbà tí mo bá dákẹ́ láti mí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, ohùn kan náà, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé mo ń gbọ́ yín, mà. Kódà nígbà tí mo sunkún, ohùn rẹ̀ kò yí padà, mo ní wọ́n tọ́ ọmọ yìí dáadáa. Mo gbàdúrà ọkọ rere fún un. Nígbà tí mo jáde, akọ̀wé náà ń ju ọwọ́, ó kọ̀, kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Mo rò pé omijé tó rí lójú mi ni.

A padà sílé, mo ń retí rẹ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá fọn fèrè lójú ọ̀nà Ìdímù, mo rò pé ìwọ ni. Ó sú mi, mo dùbúlẹ̀, mo ní ó ti bínú. Àfi ìgbà tí Adébùnmí kó àwọn ọmọ wá kí mi lánàá, tí ọkọ mi wà ní Àgbàdo níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ tó kù, ó ní mà, ẹ kú ìpàdé Àgbádárìgì, bàbá àwọn ọmọ ní ṣé ìwàásù dùn. Mo ní ó dùn. Mo wá mọ̀ pé obìnrin tó ń gbé fóònù yín kò jẹ́ iṣẹ́ mi. Má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró o, ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n kí ẹ máa ṣọ́ iṣẹ́ tí ẹ bá rán an. Ọkọ mi ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ohun tí mo ń ṣe nìyí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá mọ wá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó gbà wọ́n lórúkọ ilé yìí. Àga bàbá rẹ wà níbi tó wà, mo ti rán tìmùtìmù rẹ̀ tó ya. Ọkọ mi kò jókòó lórí rẹ̀ rí. Bẹ́ǹṣì kékeré kan ló gbé wá láti Àgbàdo, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ń jẹun, ó ní ọmọ onílé ló lè sọ ibi tí òun ó jókòó. Bí o kò bá wá, àga náà á ṣófo lójú àlejò. Mi ò ní ṣépè, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ẹnikẹ́ni lé e. Sùúrùlérè tí o ní kí n wá, mi ò lè wá mọ́, ọmọ mi. Kí àwọn ọmọ máa wá ṣe họlidé lọ́dọ̀ wa, iyanrìn wà níbí, òkun nìkan ni kò sí.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Yẹ́misí àbúrò rẹ ní Ìbàdàn, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún ẹran. Owó Tógò yẹn ṣì wà nínú Bíbélì mi, tìrẹ ni, n ó fún ọ. Ohun tí mo tún ń fẹ́ ni ìró àdìrẹ kan. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ irú ti tẹ́lẹ̀. Bí mo bá rí i lọ́wọ́ rẹ bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n ó ti gbọ́ èsì rẹ, kò ní sí pé o tún ń sọ̀rọ̀. Ìró kan ṣoṣo ni n ó ró títí o ó fi dé, kí ará àdúgbò sọ ohun tó bá wù wọ́n.

Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi ní kékeré mi, tó tún rántí mi lọ́jọ́ alẹ́, yóò máa rántí ìwọ náà. Ọmọ rẹ kò ní fi ọ́ sínú oòrùn. Àárẹ̀ tìrẹ náà yóò rí ibi tí yóò ti sinmi. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ní kí n má sọ pé bàbá rẹ kí ọ, kí n sọ pé Ọláoyè kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbíyẹmí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àlejò ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí gbogbo ọmọ mi ti dé ilé ṣáájú, kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlè, ọdún 1989.